Kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ má yẹ̀ nígbà àjàkálẹ̀ àrùn: ìtọ́sọ́nà fún ẹbí aláìsàn ní Àbújá àti àgbègbè rẹ̀

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. Màmá ti gbààwẹ̀ mọ́jú, wọ́n ti wọ aṣọ tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, fún wọn, ẹ̀jẹ̀ ti wà nílẹ̀. Dókítà tó fẹ́ fún wọn ní oògùn oorun gbé ẹ̀rọ lé wọn láyà, ojú rẹ̀ yí padà. "Mà, ẹ ń húkọ́?" "Ó bẹ̀rẹ̀ níjẹta, ọmọ mi, kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ọmọ-ọmọ mi ló kó ọ̀fìnkìn bọ̀ láti iléèwé." Ó ti parí nìyẹn. Wọ́n bọ́ aṣọ tíátà lọ́rùn màmá, wọ́n ní kí wọ́n lọ jẹun. Kókó inú ọmú bá wọn padà sílé.

Nọ́ọ̀sì tíátà ni mí ní Àbújá. Láti 2020 ni mo ti ń rí irú àárọ̀ báyìí. Ẹbí á rí owó, á rí dókítà, á rí bẹ́ẹ̀dì, ọjọ́ gan-an ni á bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn mìíràn ò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa rárá: ẹ̀rù ọsibítù ń bà wọ́n, wọ́n ní kí àrùn ìta kásẹ̀ nílẹ̀ ná. Jẹjẹrẹ ò dúró de ẹnikẹ́ni.

Bí aláìsàn yín ṣe máa dé orí tábìlì lọ́jọ́ tí wọ́n dá, láìgbé àrùn lọ́wọ́, tí kò sì ní kó òmíràn bọ̀ wálé, ni mo fẹ́ tò síbí. Kòrónà ni mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni ìwádìí pọ̀ lé lórí jù. Àrùn yòówù tó bá ń gba imú àti ẹnu ràn, ọ̀nà kan náà ni.

Ẹ kó ìwọ̀nyí jọ ná

- Fáìlì kan ṣoṣo tí gbogbo ìwé wà nínú rẹ̀: èsì àyẹ̀wò ẹran ara tó fi hàn pé jẹjẹrẹ ni, sikáànù, irú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, káàdì ọsibítù. Ẹ ya fọ́tò gbogbo wọn sórí fóònù.
- Orúkọ gbogbo oògùn tí aláìsàn ń lò, àti àgbo pẹ̀lú. Ẹ má fi àgbo pamọ́ fún wa. Òmíràn wà nínú wọn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá.
- Bó bá jẹ́ adójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀ (NHIA) ló ń sanwó, kóòdù àṣẹ láti ọwọ́ HMO, ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó adójútòfò náà. Ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ abẹ kí ẹ tó béèrè rẹ̀.
- Ẹnì kan tó máa tọ́jú aláìsàn, àti ẹnì kan tó máa rọ́pò rẹ̀ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí i. Ẹni méjì péré.
- Ẹni mẹ́ta, ó kéré tán, tó lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.
- Ìbòmú ti ọsibítù (ti aṣọ tí télọ̀ rán ò tó), sànìtáísà tí ọtí inú rẹ̀ tó 60 nínú 100 ó kéré tán, tẹmómítà, ìwé àkọsílẹ̀ àti bírò.

Ìpele 1: Ẹ bi dókítà bóyá èyí ṣe é dúró

Jẹjẹrẹ ju oríṣi kan lọ. Èyí tó ti dí ìfun tí ìgbẹ́ ò fi jáde mọ́, èyí tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára, èyí tó ń fún ọ̀nà ọ̀fun pa: ìwọ̀nyẹn ò mọ àjàkálẹ̀ àrùn, pàjáwìrì ni wọ́n. Àwọn kan wà ní ọmú tó jẹ́ pé omi ìsúnniṣe obìnrin ló ń bọ́ wọn. Dókítà lè fi oògùn bíi tamoxifen dì wọ́n mú fún ìgbà díẹ̀. Ti kẹ̀ǹgbẹ́ àtọ̀ ọkùnrin (prostate) náà ní abẹ́rẹ́ tirẹ̀. Dókítà sì lè sọ pé kẹ́mò (oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ) ni kó ṣáájú, kí abẹ tẹ̀ lé e.

Ìgbà tí wọ́n bá ti pinnu pé abẹ ló kàn, ẹ má fi ọjọ́ ṣeré. Ìwádìí kan tó jáde ní 2020 ṣe àkójọ ohun tí ìdádúró ń dá sílẹ̀: ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọ̀ọ̀kan tí iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ bá fi falẹ̀, ewu ikú fi nǹkan bíi 6 sí 8 nínú 100 ga sí i. Lọ́dún 2021, òmíràn tó wo aláìsàn tó lé ní 20,000 ní orílẹ̀-èdè 61 rí i pé níbi tí wọ́n ti ìlú pa pátápátá, ẹnì kan nínú méje tí wọ́n ti dá ọjọ́ fún ni kò rí abẹ ṣe.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe: ẹbí á jókòó ìpàdé nílé, ẹ̀gbọ́n àgbà á ní "ẹ jẹ́ ká sún un di lẹ́yìn Iléyá," ó tán. Wọn ò sọ fún dókítà. Wọ́n ti fi orúkọ ẹlòmíràn dí àyè yẹn kí wọ́n tó jẹ ẹran Iléyá tán.

Àyẹ̀wò: ṣé ẹ lè dáhùn mẹ́ta yìí láìwo ìwé? Ibo ni jẹjẹrẹ náà dé. Ọjọ́ wo ni iṣẹ́ abẹ. Kí ni dókítà máa fi dì í mú bí ọjọ́ bá yẹ̀. Bí èyíkéyìí ò bá yé yín, ẹ padà lọ béèrè.

Ìpele 2: Bí àrùn náà bá ti mú aláìsàn tẹ́lẹ̀

Ẹ sọ ọ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà yín pé wọ́n á sún ọjọ́ síwájú. Ẹ wo ohun tí wọ́n rí ní 2020 nígbà tí wọ́n wo aláìsàn 1,128 tí Kòrónà bá lára nítòsí ìgbà iṣẹ́ abẹ, ní ọsibítù 235: nǹkan bíi 24 nínú 100 ló kú láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, nǹkan bí ìdajì gbogbo aláìsàn náà sì ni ẹ̀dọ̀fóró wọn ní ìṣòro. Páìpù tí a ń fi sọ́nà ọ̀fun àti oògùn oorun ti jẹ́ ẹrù fún ẹ̀dọ̀fóró tó le koko, kí á tó sọ èyí tí àrùn ṣì wà nínú rẹ̀.

Ní 2021 wọ́n wo aláìsàn tó lé ní 140,000 ní orílẹ̀-èdè 116, wọ́n rí i pé ewu yẹn wálẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje. Ọjọ́ tí àyẹ̀wò sọ pé ó wà lára ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ àjẹsára dé tí àrùn náà sì rọ̀, àwọn dókítà kì í rinkinkin mọ́ ọ̀sẹ̀ méje fún gbogbo ènìyàn. Wọ́n máa ń gbé jẹjẹrẹ àti ẹ̀dọ̀fóró aláìsàn sórí òṣùwọ̀n kan. Iṣẹ́ tiwọn nìyẹn. Tiyín ni kí ẹ fún wọn ní ọjọ́ tó jẹ́ òótọ́.

Bí aláìsàn bá fẹ́ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, kó gbà á ní ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán ṣáájú iṣẹ́ abẹ, kí ibà abẹ́rẹ́ má baà dà wá láàmú.

Ìpele 3: Ọjọ́ 14 nílé

Ibí ni ogun wà. Ohun tí èmi rí ni pé ilé ni ọjọ́ ti ń bàjẹ́ jù, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹni tí ara rẹ̀ le ló máa ń bà á jẹ́.

Ẹ yan yàrá kan fún aláìsàn, èyí tó ní fèrèsé méjì bó bá ṣeé ṣe, kí afẹ́fẹ́ máa gba ọ̀kan wọlé kó máa gba èkejì jáde. Àwọn ènìyàn máa ń sáré ya abọ́ àti ṣíbí sọ́tọ̀, tí wọ́n á wá ti fèrèsé pa tan amúlétutù, tí ẹni mẹ́fà á sì jókòó yí bẹ́ẹ̀dì ká. Ẹ fi abọ́ sílẹ̀, ẹ ṣí fèrèsé. Kí jẹnẹrétọ̀ má sì sí nítòsí fèrèsé náà: èéfín rẹ̀ ń pààyàn.

Ẹnì kan ni kó máa wọlé tọ̀ ọ́, ẹni tí ẹ ti yàn yẹn. Bí olùtọ́jú náà bá ń lọ ọjà Wúsè láàárọ̀ tó sì ń wọ bọ́ọ̀sì Nyanya tó kún fọ́fọ́ nírọ̀lẹ́, kò tíì ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹlòmíràn ni kó máa lọ ọjà. Àwọn ọmọdé tó ń lọ iléèwé lè kí màmá àgbà láti ojú fèrèsé. Ó máa ń dun màmá, ó máa ń dun ọmọ náà, ẹ fara dà á fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ti àlejò ló le jù, nítorí Yorùbá ni wá. Tí ìròyìn bá ti tàn dé Kubwa àti Lúgbẹ̀ pé màmá fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ, ẹgbẹ́ ìyá ìjọ á dé, àsálátù á dé, ará ìlú á wá láti Kàbbà àti Ìlọrin. Ẹ ò lè lé wọn bí ẹni lé adìyẹ. Ohun tí mo rí tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ ṣáájú wọn: kí àkọ́bí fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí, "Dókítà ti fòfin de àlejò títí màmá á fi ṣe tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi fóònù kí wọn ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́." Ẹ gbé ẹ̀bi náà lé wa lórí. A ti gbà á. Ẹni tó bá ṣì dé ẹnu ọ̀nà, ẹ gbé àga síta fún un lábẹ́ igi, ẹ fún un lómi, kí màmá juwọ́ sí i láti fèrèsé.

Kó máa rìn káàkiri àgbàlá. Kó máa fa èémí wọlé dé ìsàlẹ̀ ikùn ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Ẹ̀dọ̀fóró tó ti mọ̀ ọ́n ṣe ṣáájú abẹ kì í tètè dákú lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá ń mu sìgá tàbí tó ń fín áásáà, kó dá a dúró. Ẹ jẹ́ kó jẹ ẹyin, ẹja, mọ́ínmọ́ín. Ẹ má fi àwẹ̀ ọlọ́jọ́ méje gbẹ ara rẹ̀ ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Kí ẹlòmíràn bá a gbà á.

Ìkìlọ̀ fún àwa tó wà ní àríwá: nígbà ọyẹ́, gbogbo ènìyàn ló ń húkọ́ eruku, ojú wa ti mọ́ ọn. Ẹ má fúnra yín pinnu pé "eruku ni." Ẹ pe ọsibítù lọ́jọ́ tí ikọ́ bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lọ́jọ́ abẹ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí kan náà ni ibà Lassa máa ń gbóná jù, nítorí náà ẹ bo gààrí àti oúnjẹ kí eku má dé ibẹ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ ṣí ìwé àkọsílẹ̀. Kí ìlà 14 wà níbẹ̀, ooru ara àárọ̀ àti ti alẹ́ lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, kí èyíkéyìí má kọjá 37.5. Kí orúkọ àwọn tó wọ yàrá náà má ju méjì lọ. Bó bá jẹ́ mọ́kànlá, a jẹ́ pé ìpele yìí ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ìpele 4: Àyẹ̀wò àrùn, àti ẹ̀jẹ̀

Ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sábà máa ń fi òwú mú nǹkan nímú aláìsàn. Kí olùtọ́jú náà ṣe é, bí ọsibítù bá gbà. Ní gbàrà tí wọ́n bá ti ṣe é, ilé tààrà. Mo rí bàbá kan tí èsì rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Ajé, tó yà sí ibi ìsọmọlórúkọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun nítorí pé "wọ́n ti ní kò sí nǹkan." Ọjọ́bọ̀ tó yẹ kó wọ tíátà, ibà ló gbé wá. Ohun tó wà lára lọ́jọ́ tí wọ́n mú un ni èsì ń sọ; kò mọ ti ọ̀la.

Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn, àwọn olùfẹ̀jẹ̀sílẹ̀ máa ń wọ́n, báńkì ẹ̀jẹ̀ á gbẹ. Kí àwọn mẹ́ta tí ẹ yàn lọ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú: ẹni ọdún 18 sí 65, tó wọ̀n tó kílò 50, tí ara rẹ̀ le. Mẹ́ta ni mo sọ nítorí pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dá ọ̀kan padà nígbà gbogbo. Ẹ má ra ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọkùnrin tó ń dúró lẹ́nu géètì. Ẹ ò mọ ìgbà tó fi sílẹ̀ kẹ́yìn, ẹ ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Àyẹ̀wò: ìwé báńkì ẹ̀jẹ̀ tí iye páíntì wà lórí rẹ̀ ti wọ fáìlì.

Ìpele 5: Ìbéèrè tí ẹ máa bi ọsibítù

Ẹ béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ẹ béèrè. Ṣé wọ́ọ̀dù àwọn tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ yàtọ̀ sí ti àwọn tó ní àrùn náà? Ṣé tíátà yàtọ̀? Ṣé nọ́ọ̀sì kan náà ló ń ti ibí bọ́ sí ọ̀hún? Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n wo aláìsàn jẹjẹrẹ 9,171 ní orílẹ̀-èdè 55, ní ibi tí wọ́n ti ya ọ̀nà sọ́tọ̀ pátápátá, 2.2 nínú 100 ni ẹ̀dọ̀fóró wọn ní ìṣòro. Níbi tí wọn ò ti yà á sọ́tọ̀, 4.9.

Lẹ́yìn náà ẹ béèrè nípa afẹ́fẹ́ tíátà. Ọ̀pọ̀ ọsibítù kékeré ló jẹ́ pé amúlétutù ara ògiri bíi ti pálọ̀ ni wọ́n ní. Ẹ̀rọ yẹn kì í mú afẹ́fẹ́ tuntun wọlé. Afẹ́fẹ́ inú yàrá ló ń fà, tó ń sọ di tútù, tó sì ń dá padà síbẹ̀. Ní tíátà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń pààrọ̀ ní ìgbà 15 ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú 28 ló ń gbà kí 99.9 nínú 100 ohun tí ẹni tó ṣáájú mí síta tó kúrò nínú yàrá. Bó bá jẹ́ ìgbà 6 péré, ìṣẹ́jú 69 ni. Tí ẹ bá rí i pé a dá aláìsàn yín dúró lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn tí ẹni iwájú ti jáde, ẹ má bínú sí wa, afẹ́fẹ́ là ń dúró dè. Ibi tí wọn ò bá ní ẹ̀rọ tó ń pààrọ̀ afẹ́fẹ́, kí wọ́n fi aláìsàn yín ṣe ẹni àkọ́kọ́ lówùúrọ̀.

Ẹ má wo máàbù ilẹ̀. Mo ti rí ilé ńlá tí fèrèsé wọ́ọ̀dù rẹ̀ kò ṣeé ṣí, mo sì ti rí ọsibítù ìjọba tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí, tí ètò rẹ̀ mọ́ bí ẹyin.

Ìpele 6: Ìrìn àjò àti àárọ̀ ọjọ́ náà

Bí ẹ bá ń bọ̀ láti Lọ́kọ́ja, Mínnà tàbí Kàdúná, ẹ dé ní ọjọ́ méjì ṣáájú, nínú mọ́tò tí ẹbí nìkan wà nínú rẹ̀, kí fèrèsé ṣí. Bí ìjọba bá ti ìlú pa bíi ti òpin oṣù kẹta 2020, ẹ ti gba lẹ́tà tí òǹtẹ̀ ọsibítù wà lórí rẹ̀ láti fi han àwọn ọlọ́pàá lójú ọ̀nà.

Oúnjẹ: ó kéré tán wákàtí mẹ́fà láìjẹ nǹkan kan, mẹ́jọ bó bá lépo tàbí lẹ́ran. Omi lásán lè dúró ní wákàtí méjì ṣáájú, àyàfi bí dókítà bá sọ òmíràn. Ẹ̀kọ gbígbóná, oúnjẹ ni. Tíì tó ní mílíìkì, oúnjẹ ni. "Ó kàn fi mu oògùn ni" ti lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò lórí tábìlì wa.

Èyí tí kò sí nínú ìwé ọsibítù: làálì. Tí màmá bá ti bá àwọn ará àdúgbò ṣe ìgbéyàwó Hausa, tí làálì dúdú wà ní èékánná wọn, ẹ̀rọ tó ń wo afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ láti orí ìka lè máa parọ́ fún wa. Ẹ fi ìka kan sílẹ̀ láìkùn láti oṣù tó ṣáájú, tàbí kí ẹ sọ fún wa kí á lo etí. Ẹ yọ eyín àtọwọ́dá, yẹtí, òrùka àti píìnì inú wíìgì.

Nínú tíátà, ẹ máa gbọ́ pé a ń béèrè orúkọ aláìsàn, apá tí a fẹ́ gé, àti ìwé àṣẹ tó fọwọ́ sí, léraléra. A kò gbàgbé. Ìgbà mẹ́ta la máa ń dúró yẹ nǹkan wò: ṣáájú oorun, ṣáájú abẹ, àti kí ó tó jáde. Kí aláìsàn má fi "àbí ẹ ti béèrè tẹ́lẹ̀" dá wa lóhùn.

Àyẹ̀wò: kó tó kúrò nílé, fáìlì wà lọ́wọ́, inú ṣófo, ooru ara kò ga, ìbòmú bo imú, kò dúró sí àgbọ̀n.

Ìpele 7: Lẹ́yìn abẹ

Olùtọ́jú kan náà ni. Ẹ má ṣe pín in bí iṣẹ́ alọ́ abọ̀, kí ti àárọ̀ lọ kí ti alẹ́ dé.

Kí aláìsàn jókòó dìde ní kété tí nọ́ọ̀sì bá ti gbà. Kó gbá ìrọ̀rí mọ́ ojú ọgbẹ́ kó húkọ́ jáde. Ìrora náà ń dín kù, itọ́ inú ẹ̀dọ̀fóró sì ń jáde. Kó rìn. Àwọn ẹbí wa máa ń ṣàánú, "ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi," wọ́n á dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ á dì ní ẹsẹ̀.

Ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀ bí èémí bá ń sáré, bí ibà bá dé, bí ọgbọ́n inú aláìsàn bá ń dàrú, bí ẹsẹ̀ kan bá wú tó sì ń dùn ún, bí ọgbẹ́ bá ń rùn. Ibà lẹ́yìn abẹ kì í ṣe àjàkálẹ̀ àrùn nígbà gbogbo. Ẹ má fi ẹ̀rù ìyàsọ́tọ̀ pa á mọ́ra.

Nílé, bí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ọgbẹ́ bá dà sílẹ̀, tí ìgò Jik bá kọ 3.5%, ife kan sí ife omi mẹ́fà ni. Ẹ má pò ó mọ́ Izal tàbí ohun ìfọ̀ ilé mìíràn.

Ìpele 8: Ohun tí wọ́n gé kúrò

Ní ọ̀pọ̀ ọsibítù wa, ẹbí ni wọ́n ń gbé e fún kó gbé e lọ sí láàbù, nígbà mìíràn ní ìlú kejì. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tó dùn mí jù: ẹ̀gbọ́n kan gbé ọmú àbúrò rẹ̀ sínú ike omi lásán, ó gbé e sí búùtù mọ́tò nínú oòrùn, ọjọ́ kejì ló tó dé láàbù. Ó ti jẹrà. Kò sí ẹni tó lè sọ irú jẹjẹrẹ tó jẹ́ mọ́, oògùn tó yẹ kó tẹ̀ lé e sì di ohun tí a kàn ń méfò.

Fọ́málíìnì, omi oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran ara jẹrà, ni kó wà nínú ike náà, ti 10 nínú 100, kó pọ̀ ju ẹran náà lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ọjọ́ kan náà ni kó dé láàbù. Ara ike gan-an ni kí ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà fáìlì sí. Bí ẹ bá kọ ọ́ sórí ìdérí, ìdérí máa ń pààrọ̀ ara wọn lórí tábìlì láàbù. Kí ìwé tí dókítà kọ tẹ̀ lé e.

Àyẹ̀wò: láàbù á fún yín ní ìwé kékeré tí nọ́ńbà wà lórí rẹ̀. Ẹ béèrè ọjọ́ tí èsì á jáde, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé náà, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó kúrò lẹ́nu kántà.